Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Rí Bí Paramecium Ṣe Ń Jẹun

Ẹ̀yin àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí ti sú ẹnu. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ láàbù bá ti kan Paramecium, ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú omi, síláìdì tẹ́ ẹ ń wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù á pupa kanlẹ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé oúnjẹ ti dà. Èwo ló dà níbẹ̀?

Àkọ́kọ́, aró. Yíìsì gíráàmù 3, Congo red (aró pupa náà nìyẹn) mílígíráàmù 30, omi mílílítà 10. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí kò bá sè é, omi ló ń pa láró. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, aró yẹn kò dáa fún ara. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí díẹ̀ nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ rí i bí ásíìdì ṣe ń sọ ọ́ di búlúù. Ohun tẹ́ ẹ máa wá nìyẹn.

Ìkejì, ẹ fi fọ́nrán òwú díẹ̀ sábẹ́ gíláàsì ìbòrí, kó má baà tẹ àwọn Paramecium pa, kí wọ́n má sì máa sáré kiri.

Ìkẹta ni aago, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà wà. Ẹ ó po yíìsì mọ́ omi Paramecium tán, ẹ ó lọ jẹ ẹ̀wà, ẹ ó padà dé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àpò oúnjẹ, ìyẹn àpò wẹ́wẹ́ tí oúnjẹ ń wọ̀ nínú ara Paramecium, tuntun àti ògbólógbòó ti dà rú: pupa, búlúù, àlùkò. Ta ló máa mọ èyí tó ṣáájú? Ẹ tún wá bu yíìsì bí ẹni bu gààrí! Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó igi ìtayín ti tó fún ẹ̀kán omi kan.

Ojú kì í kúrò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ ń gbá yíìsì wọ kòtò ẹnu, ó ń ṣù jọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó ń wú bíi bàlúùnù, ó já, ó gbéra. Àpò kan yẹn ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé. Pupa ló wà nígbà tó já. Kò ju bí ìṣẹ́jú 5 lọ, á sún kì, á di búlúù: pH (ìwọ̀n tó ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ti ń pọ̀ sí i) ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3. Ẹ̀yin á ní ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń da oúnjẹ, ló dé. Irọ́ ni! Ásíìdì ló kọ́kọ́ wọlé tó pa oúnjẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni láísósóòmù, àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, gbé ẹ́ńsáìmù dé, tí pH ń gòkè, tí àwọ̀ pupa ń padà bọ̀. Ìgbẹ́ á wá gba ojú ihò kan pàtó jáde ní apá ẹ̀yìn ara.

Àpò tó ń tú omi dànù kọ́ ni àpò oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́. Méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ojú kan ni wọ́n wà, wọ́n ń wú, wọ́n ń fọ̀. Yíìsì pupa kì í dé inú wọn.