Ẹ Má Tíì Pariwo Pé Processor Ti Yege

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá server wa ní Tanke, mo ka ìwé tí ẹ kọ lórí processor, ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò fún kọ̀ǹpútà: "Processor tuntun ti yege." Ètò kan ṣoṣo lẹ ṣí sórí rẹ̀, ó gbóná, kò kú, ẹ bá pa á, ẹ lọ jẹun. Mi ò bínú, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi.

Èkíní, pé ẹ̀rọ kò kú kò ní kí ìṣirò rẹ̀ pé. Ní 1994, Thomas Nicely, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, kéde pé Pentium, processor ilé iṣẹ́ Intel, ń ṣi àwọn nọ́ḿbà kan pín. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Irọ́ ló ń pa. Mílíọ̀nù dọ́là 475 ni ọ̀rọ̀ náà ná Intel.

Èkejì, ẹ fi VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi, dán an wò, kí wọ́n sì pọ̀. Processor á máa ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, á máa padà sọ́dọ̀ hypervisor, ètò tó ń darí wọn, tábìlì tó ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà nínú memory, ti àlejò (VM) àti ti onílé (hypervisor), ni yóò sì máa wò pọ̀. Ibẹ̀ ni àléébù máa ń sá pamọ́ sí. Àléébù TLB, ibi tí processor ń tọ́jú àdírẹ́sì memory tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, tó bá AMD, ilé iṣẹ́ processor mìíràn, fínra ní 2007, abẹ́ iṣẹ́ wúwo bẹ́ẹ̀ ló ti ń yọjú. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ lẹ́tà lè má rí i láéláé. Ẹ máa tan VM, ẹ máa pa wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa du memory, kí ẹ sì fi ìdáhùn wọn wé èyí tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ dán core kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣírò nínú processor, wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ló ń dùn mí jù.

Níbi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, nínú Ìlọrin yìí náà, ọ̀gá wa kì í fẹ́ gbọ́ ìdánwò sétí. Mo ní kí server tuntun lo òru mélòó kan lórí tábìlì ìdánwò. Wọ́n ní oníbàárà ń dúró, pé ṣé èmi ni mo ṣe processor ni. A gbé e síṣẹ́. VM ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí èrè ẹlòmíràn fi ń di òdo. Bí wọ́n bá tún un ṣírò, á pé. Ọmọkùnrin ará Ọ̀fà tó kọ ètò wọn ni gbogbo wọn dá lẹ́bi. Wọ́n pè é lólè lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́. Àwọn alhaja tó ń ṣàdúrà fún un tẹ́lẹ̀ ò dáhùn kíkí rẹ̀ mọ́. Kò sí àkọsílẹ̀ àṣìṣe kankan lórí ẹ̀rọ, torí processor náà kò mọ̀ pé òun ṣì í.

Èmi ni mo so VM yẹn mọ́ core kọ̀ọ̀kan, ìṣirò kan náà, AC ní pípa, nínú ooru oṣù kẹta. Gbogbo wọn ló pé, àfi ọ̀kan. Ọ̀gá wo ìwé náà, wọ́n ní "Ó dáa." Wọn ò bẹ ọmọ Ọ̀fà yẹn títí dòní.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Facebook kọ̀wé pé core kan lọ́dọ̀ wọn ń mú òdo wá fún odidi nọ́ḿbà inú 1.1 tí a gbé dé agbára 53, níbi tó yẹ kó mú 156 wá. Àwọn Google náà kọ tiwọn lọ́dún yẹn. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà lórí WhatsApp. Wọ́n kà á, wọn ò fèsì.

Ìwé ìdánwò tí kò bá ní ìdáhùn core kọ̀ọ̀kan nínú, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ sí i fún yín.