Bisikíìtì dúdú tó ní funfun láàárín, mo ti ń ṣe é fúnra mi

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn Oreo, màá ṣí i sí méjì, màá lá funfun àárín ẹ̀ tán kí n tó jẹ ìyókù, báwọn ọmọ mi náà ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn. Láti 1912 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ìgbà tí mo bá dán an wò nílé, bisikíìtì ṣokoléètì lásán ló máa ń jáde, ó dùn o, àmọ́ kì í ṣe òun.

Kòkó lọ̀rọ̀ wà! Kòkó tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Ti inú bisikíìtì yẹn, wọ́n ti fi álíkálì pa kíkan ẹ̀, òun ló jẹ́ kó dúdú tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wò ó lára páálí, wọ́n á kọ Dutch-processed síbẹ̀, èyí tó wá dúdú bí èédú ni black cocoa. Ẹ má lo black cocoa nìkan o, á gbẹ jù, á tún korò, ìdá kan ẹ̀ sí ìdá mẹ́ta Dutch ni mo máa ń pò.

Fúláwà gíráàmù 200, kòkó 50, bọ́tà 150, ṣúgà 120, iyọ̀ bíńtín. Mo pò ó, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sáàárín bébà méjì, mo gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó gé e, torí tí bọ́tà bá ti rọ̀, á kàn tàn kálẹ̀ nínú ófùn ni. 175°C, bí ìṣẹ́jú méjìlá. Ibi tó le nìyí: ó ti dúdú tẹ́lẹ̀, ojú ò lè sọ fún yín pé ó ti ń jó, imú lẹ máa lò, tí òórùn ṣokoléètì bá ti gba inú ilé, ẹ dúró tì í. Ó máa rọ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má dá a padà, tó bá tutù ló máa ń le.

Ti àárín ẹ̀, bọ́tà, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tó jẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀, àti fanílà. Bisikíìtì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó fi sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ́ dànù.

Lánàá, àbíkẹ́yìn mi mú ọ̀kan, ó yí i díẹ̀, ó ṣí pẹ́ẹ́, gbogbo funfun ẹ̀ dúró sójú kan. Ó lá a tán, ó ní, "Mọ́mì, òun gan-an nìyí."