Wàrà àṣenílé: ó ń dì, ṣùgbọ́n wóró-wóró ni

Apẹ̀rẹ̀ wàrà tuntun ti dé, mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti sá a. Ewé bọmubọmu tí a fi ń mú wàrà dì kún ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Dídì wàrà gan-an ló le. Lánàá, mo da oje ewé sí i, mo gbé iná sókè, ojú ẹsẹ̀ ló dì. Nígbà tí mo bù ú sápẹ̀rẹ̀, wóró-wóró ni, kò lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí mò ń wá ni wàrà jọ́lọ́jọ́lọ́ tí ọ̀bẹ máa gé tí kò ní fọ́.

Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 púrótéènì inú wàrà màlúù ni casein. Ó máa ń kóra jọ di hóró kéékèèké tí ọ̀pọ̀ wọn tó 100 sí 200 nanometer (ojú lásán kò lè rí wọn). Irun tín-ín-rín tó ń jẹ́ kappa-casein ló bo hóró kọ̀ọ̀kan, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ẹ́ńsáìmù inú oje bọmubọmu, ìyẹn èròjà tó ń gé púrótéènì, ló ń fá a. Bí ó bá ti fá tán, hóró tó bá kan èkejì á lẹ̀ mọ́ ọn, ooru á sì mú un yá sí i.

Bí ìlẹ̀mọ́ra bá yá jù, hóró kankan kì í ráyè wá ibi tó tọ́ sí i. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ pàdé èkejì ló máa há sí. Onímọ̀ físíìsì kan, Smoluchowski, ti ṣírò bí irú ìlẹ̀mọ́ra bẹ́ẹ̀ ṣe ń yára tó ní 1917. Ní 1981, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Witten àti Sander, fi kọ̀ǹpútà hàn pé ẹ̀ka-ẹ̀ka ni irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ ń yọ. Àwọ̀n oníhò ni, kò sì tíì balẹ̀: ó ṣì ń sún ara rẹ̀ kì, ìdí nìyẹn tí omi fi ń ro lára wàrà. Mo gbà pé iná mi ló fún un kó tó di ara rẹ̀ mú, ni ìpọnsíbí bá fọ́ ọ.

Ẹ má ra wàrà tí wọ́n ti sè o! Ẹ́ńsáìmù kì í ráyè dé ara casein rẹ̀ dáadáa mọ́. Mo ti bẹ ìyá Fúlàní tí mò ń rà lọ́wọ́ wọn lọ́jà Wàsó pé kí wọ́n bá mi mú tútù wá.

Oje ni mo fẹ́ dín kù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti yí i padà. Àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì mọ̀ pé bí òtútù bá mú wàrà tó nǹkan bí 10°C, ẹ́ńsáìmù á ṣì máa fá irun náà, ṣùgbọ́n hóró kò ní lẹ̀. Inú fíríìjì ni màá ti da oje sí i, kí n tó gbé e sórí iná tó rọra ń jó, láì rò ó rárá. Bí iná mànàmáná kò bá sí lọ́la, màá ra yìnyín.