Ẹni tó jí ẹlẹ́dẹ̀ gbé, níbo ni yóò fi í pamọ́ sí?

Ọmọ alápatà ni mí. Odò ẹran Bódìjà ni bàbá wa ti ń pa màlúù kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà, fíìmù tí ọ̀rọ̀ ẹran bá ti wọ̀, ojú tí mo fi ń wò ó yàtọ̀. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi jókòó wo A Private Function, fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1984. Mo sùn, mo jí, ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi.

Ìlú kékeré kan ní Yorkshire ni, lọ́dún 1947. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí láti ọdún méjì, síbẹ̀ kúpọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ra ẹran. 1940 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n pín ẹran fún aráàlú, ó sì di oṣù keje 1954 kí wọ́n tó jáwọ́. Búrẹ́dì tí wọn ò fi kúpọ́ọ̀nù rà nígbà ogun gan-an, 1946, lẹ́yìn tí ogun ti tán, ni wọ́n mú òun náà mọ́ ọn. Ẹ ro ó wò! Lọ́dún 1947 yẹn ni Ọmọba Elizabeth fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, 20 oṣù kọkànlá, àwọn gbajúmọ̀ ìlú náà, dókítà, lọ́yà àti akáwùǹtáǹtì, sì fẹ́ se àsè. Wọ́n bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kan ní bòókẹ́lẹ́ lóko. Betty lorúkọ rẹ̀. Ìjọba ò gbọ́ sí i.

Gilbert Chilvers ò sí lára àwọn tí wọ́n ń pè síbi àsè. Michael Palin ló ṣe é. Ẹsẹ̀ ló ń tọ́jú, ó ń gé èékánná, ó ń ha àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti yi, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ bá àwọn oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù kan péré ló ń wá, àwọn gbajúmọ̀ ò sì fẹ́ kó rí i gbà. Joyce ìyàwó rẹ̀, ìyẹn Maggie Smith, ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù. Kí wọ́n ka òun náà sí èèyàn láwùjọ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà tí Gilbert gbọ́ nípa Betty, ó lọ jí i gbé lóru.

Àwa la máa ń sọ pé olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n. Àwọn tó ni ẹlẹ́dẹ̀ ò lè dé àgọ́ ọlọ́pàá, torí òfin ń dúró de àwọn náà. Ẹni tó jí i gbé ò lè pa á kó má ké, kò sì lè gbé e jáde. Àṣírí tí Joyce fẹ́ fi fún àwọn ọlọ́lá lọ́rùn, inú ilé tirẹ̀ ló wà, tó ń yàgbẹ́ káàkiri. Àlejò dé, òórùn gbalé, ìyá tó bí Joyce, arúgbó tébi ń pa, ni Joyce di òórùn náà rù. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àánú ìyá yẹn ṣe mí débi pé mo ní kí ọkọ mi dá fíìmù náà dúró ná. Liz Smith ló ṣe ìyá náà, ó gba BAFTA, ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un. Maggie Smith gbà tirẹ̀, Denholm Elliott tó ṣe dókítà náà sì gbà. Ó tọ́ sí wọn.

Wolé-wolé tún wà níbẹ̀, ọ̀dà àwọ̀ ewé ló ń kùn mọ́ ẹran tí kò bófin mu. Àwọn tiwa, kẹrosíìnì ni. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n dà á sórí ẹ̀dọ̀ màlúù tí bàbá mi ti sanwó rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.

Àmọ́ ibi tó mú mi jù ni ti ọ̀bẹ. Gilbert ò lè pa Betty. Allardyce, akáwùǹtáǹtì yẹn, tiẹ̀ ti fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ, ojú Richard Griffiths tó ṣe é sì sọ gbogbo rẹ̀ láìlanu.

Mùsùlùmí ni wá, ẹlẹ́dẹ̀ ò wọ ilé wa rí. Ṣùgbọ́n mo mọ àgbò Iléyá. Lọ́dún kan, bàbá mi ra tiwa sílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú ọdún. Àbúrò mi ló ń já ewé fún un, àgbò náà á sì máa tẹ̀ lé bàbá mi kiri àgbàlá bó bá ti ọjà dé. Nígbà tí wọ́n kírun Iléyá tán, bàbá mi ránṣẹ́ pe alápatà ẹgbẹ́ rẹ̀ kó wá bá òun pa á. Ó ní ọwọ́ ń dun òun. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà ní odò ẹran, ó ń pa màlúù.