Ejò Kì í Ké: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Àdùkẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko, bí ebi bá ń pa ewúrẹ́, á ké. Bí ara bá ń ro ajá, á sunkún, á máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Adìyẹ tí oòrùn ń pa á la ẹnu sílẹ̀, á na ìyẹ́. Ejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí tí ẹ ń kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, kò ní pè yín. Gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ fún yín, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni Àdùkẹ́, ejò erè kan, dé ọwọ́ mi, ọyẹ́ ṣì ń mú. Ọmọkùnrin kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, ló ni ín. Ó ń lọ kàwé ní òkè òkun, kò sì sí bí ó ṣe lè mú un lọ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo erè ló wà nínú àdéhùn CITES tó ń ṣọ́ òwò ẹranko igbó láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ gbé e kọjá ibodè. Ó gbé e fún mi nínú ike tí wọ́n ń kó aṣọ sí, ó tẹ́ aṣọ ìnura kan sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Ó ní òun kò rántí. Mo bi í pé ìgbà wo ló bọ́ awọ kẹ́yìn. Ó ti wọ ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó na ọwọ́ gbà á: ohun tó ń jẹ, ìgbà tó jẹ ẹ́, bóyá wọ́n mú un ní igbó ni tàbí wọ́n bí i sílé. Èyí tí wọ́n mú ní igbó sábà máa ń ní eégbọn lára, ó sì lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan.

Irú erè kékeré tí òyìnbó ń pè ní ball python ni, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Python regius. Kì í sábà gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká bí bọ́ọ̀lù, á tọ́jú orí sí àárín. Ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ti wá, láti Senegal títí dé Uganda. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń tọ́jú irú erè yìí sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á. Ó tún ń pẹ́ láyé. Ó lè lo 20 tàbí 30 ọdún lọ́wọ́ yín. Ní ọdún 2020, ọ̀kan tó wà ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà yé ẹyin 7, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 60 ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ gba ejò yìí ní láti mọ ẹni tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀ bí ìrìn àjò bá dé.

Kí n má gbàgbé: ẹ mọ irú ejò tó jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Erè kò ní oró, paramọ́lẹ̀ ní. Àwọn méjèèjì sanra, àwọn méjèèjì ní àmì lára, ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ̀ wọ́n á máa fi ọ̀kan pe èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ejò wá nínú àpò láti oko, ẹ má tú àpò náà, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ejò olóró bá sì ṣán ènìyàn, ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé ejò dé kí ilé rẹ̀ tó dé. Káfíńtà tó ń bá mi kan àpótí ní Aṣèrò ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù, ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Inú ike aṣọ náà ni Àdùkẹ́ wà, ọyẹ́ sì ń fa omi ara rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ ṣú, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da omidùn sí i. Mo rò pé ó ti ń fọ́jú. Ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Ìpẹ́ kan tó mọ́ gaara ló bo ojú rẹ̀, ìpẹ́ yẹn sì ní láti bá awọ tó kù bọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, awọ náà kò ní bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ti Àdùkẹ́ já sí wẹ́wẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ìpẹ́ ojú méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fẹ́ fi èékánná yọ ọ́. Ọ̀gá mi, ìyá àgbà kan tó ti ń tọ́jú ẹranko kí wọ́n tó bí mi, gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ojú ẹ̀ lo fẹ́ yọ yẹn o!"

Màmá yìí ní kí n bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ gbàgbà, kó má ju ìdajì gíga ara rẹ̀ lọ, kí n gbé e sí i fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí n wá jẹ́ kó wọ́ gba inú aṣọ ìnura tútù kọjá lọ́wọ́ mi. Kí n má fa ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ojú òsì là lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀tún là lọ́jọ́ kẹfà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn ọ̀rinrin inú àpótí. Ìdá 55 sí 70 nínú 100 ló dára fún un, ó sì yẹ kó lé díẹ̀ bí ó bá fẹ́ bọ́ awọ. Nígbà ọyẹ́, ìdá 30 ni mo ń rí ní yàrá wa.

Ní ti àpótí, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 60, tó ga ní 60, tó àgbà rẹ̀ gbé. Bí mo ṣe rí ibi ìfarapamọ́ fún un dùn mọ́ mi: ìkòkò amọ̀ méjì tó ti fọ́ lẹ́nu, tí mo rà lọ́jà Láfẹ́nwá ní owó táṣẹ́rẹ́. Mo fi yanrìn pápá ha ẹnu wọn kó má baà gé e, mo da ojú wọn délẹ̀, ọ̀kan ní apá tó gbóná, èkejì ní apá tó tutù. Ó ní láti fún un lára díẹ̀. Ejò yìí kò fẹ́ gbọ̀ngàn, ó fẹ́ ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ á ti kan òrùlé. Bí amọ̀ bá sì mu omi, á máa tú ọ̀rinrin sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo ìyẹ̀rẹ̀ igi sọ́mìlì, eruku rẹ̀ á kó sí i nímú. Èèpo àgbọn tí a fọ́ wẹ́wẹ́ dára. Fún oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ìwé ìròyìn nìkan ni kí ẹ tẹ́, kí ẹ lè rí ìgbẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì lè rí àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò. Láàárín àkókò yẹn, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ejò mìíràn. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní ti erè yìí, òun nìkan ni kí ó máa gbé àpótí rẹ̀, títí ayé.

Kọ́kọ́rọ́ àpótí ńkọ́? Ẹ má fi ṣeré. Ní ilẹ̀ wa, bí ejò bá yọ, àdá ni yóò yọ sí i. Kò sí aládùúgbò tí yóò dúró béèrè bóyá ó ní oró tàbí kò ní. Mo lọ bá gbogbo ará ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣàlàyé, mo fi kọ́kọ́rọ́ hàn wọ́n. Ìyá mi kò wọ yàrá náà fún oṣù méjì, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n jù ni oṣù kẹta. Ẹ mọ oòrùn Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta, tí àpáta á gbóná débi pé ẹni tó bọ́ bàtà kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí mo ń kà ní kí n máa tan gílóòbù sórí àpótí, mo sì ń tàn án. Ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ti kọ ìwé náà. Èmi wà lábẹ́ páànù tí kò ní àjà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá Àdùkẹ́ nínú abọ́ omi rẹ̀. Ó ká síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ṣàn sílẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló gbé lé etí abọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó ń wẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ ló wà. Lọ́jọ́ kẹta, ibẹ̀ ló wà. Mo ti ń wá kòkòrò lára rẹ̀ lábẹ́ ìpẹ́ àgbọ̀n, torí bí ejò bá ń wọ inú omi bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ àmì kòkòrò. Mi ò rí kankan. Màmá wá, wọ́n kàn ti ọwọ́ bọ inú àpótí, wọ́n ní kí n lọ ra tamọ́mítà méjì. Mo gbé ọ̀kan sí apá kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ gílóòbù: 41. Ní apá tí mo ń pè ní tútù: 36.

Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Ibi tó bá wà ni yóò bá gbóná, ìyẹn ló ṣe yẹ kí ó rí apá kan tó tó dígírì 31 sí 33, àti apá kan tó wà ní 25 sí 27, kó lè máa lọ kó máa bọ̀ bí ara rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Mo ti gba ibi àsálà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi nìkan ló kù fún un. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi lọ́jọ́ náà, nítorí ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta sọ fún mi lọ́nà kan ṣoṣo tó mọ̀.

Mo gbé àpótí lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ tó ní àjà. Mo pa gílóòbù lọ́sàn-án, mo sì ra ẹ̀rọ kékeré tí ń dá iná dúró bí ooru bá ti tó. Ẹ má tan ooru sí ejò láìsí ẹ̀rọ yìí. Ejò lè sùn lé ohun tó ń jó o níkùn láìkúrò. Ní òru ọyẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo máa ń fi aṣọ wé e, mo máa ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àpótí níta, kí inú rẹ̀ má baà lọ sísàlẹ̀ ju 24 lọ.

Oúnjẹ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó kọ́kọ́ mọ ilé. Ẹ ra eku funfun lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín; kó má fẹ̀ ju ibi tí ara ejò ti sanra jù lọ. Òkú eku ni kí ẹ fún un, torí eku ààyè lè ge ejò jẹ. Ẹ yọ ọ́ nínú fíríìsà, ẹ fi omi gbígbóná yọ́ ọ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá ti yọ́ nínú fíríìsà nítorí pé iná kò sí, ẹ dà á nù. Ẹ má fún un ní eku ilé láéláé. Ẹ kò mọ ilé tó ti jẹ òtápíápíá. Bí ó bá ti jẹun, ẹ má gbé e fún wákàtí 48, kó má baà bì í. Ọmọdé ń jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àgbà lè jẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, nítorí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé kan: ooru láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀rinrin, ọjọ́ oúnjẹ, ìwọ̀n rẹ̀ lórí sikéèlì lọ́sẹ̀ méjì méjì. Nígbà tó kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìwé yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀: gíráàmù 20 péré ló ti jò. Bí ó bá ń la ẹnu mí, tàbí tí ìfòfò ń yọ nímú rẹ̀, ẹ má dúró de ìwé, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko.

Òjò dé ní oṣù kẹrin. Ojú Àdùkẹ́ tún funfun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá awọ rẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò amọ̀, ó gùn lọ gbọọrọ, kò já níbì kankan. Mo gbé orí rẹ̀ sókè sí ojú fèrèsé. Ìpẹ́ ojú méjèèjì pé síbẹ̀, wọ́n yí rìbìtì, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú wọn kọjá. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjákù-jákù ti oṣù kìn-ín-ní.