Mo Fi Ẹnu Ara Mi Pa Ọba

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n bá mi wí níbi iṣẹ́, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. À ń jẹun ọ̀sán, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lápá kan, ni wọ́n bá gbé ọba Japan àti olorì jáde. Èmi tí mo rò pé èdè ilẹ̀ yìí ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo ní, "Háà, Reiwa Tennō! Ara wọn le o." Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ọ̀gá mi rọra gbé igi méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀. Ó ní, "Wọn ò tíì kú."

Naruhito lorúkọ ọba náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níbí. Tennō Heika, ìyẹn Kábíyèsí Ọba, ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu gbogbo ayé. Reiwa ni sáà wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 tí wọ́n gorí oyè. Ìgbà tí wọ́n bá wàjà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ di orúkọ wọn. Bí Hirohito, bàbá bàbá wọn, ṣe di Shōwa Tennō lẹ́yìn tó wàjà lọ́dún 1989 nìyẹn. Mo ti sin ọba alààyè sáàárín ìrẹsì àti ẹja yíyan.

Ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni mí o! Nílé wa, bí ọmọdé bá fẹnu kan "ọba kú", ìgbátí bàbá mi ni yóò parí gbólóhùn náà fún un.

Mo pe Màámi lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tiẹ̀ ti rí Kábíyèsí yẹn rí?"

"Mo ti rí wọn, mà. Ọjọ́ìbí wọn ni, oṣù Kejì ọdún 2024. A tò síwájú ààfin ní Tokyo nínú òtútù, wọ́n yọ sí wa láti ẹ̀yìn gíláàsì, wọ́n juwọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n wọlé."

"O dọ̀bálẹ̀?"

"Àsíá bébà ni wọ́n há fún wa, mà, pé ká máa jù ú."

"Kàkàkí ńkọ́? Àwọn onílù?"

"Kò sí."

"Irú ọba wo nìyẹn?"

Mo ní òfin ọdún 1947 ti gba àṣẹ ìlú lọ́wọ́ wọn, àmì orílẹ̀-èdè lásán ni òfin pè wọ́n. Màámi ní, "Bíi tiwa lọ́wọ́ gómìnà." Mo ní wọ́n máa ń wọ oko ìrẹsì kékeré tó wà láàfin, wọ́n á gbìn ín fúnra wọn, wọ́n á kórè rẹ̀, tó bá di alẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá, wọ́n á gbé ìrẹsì tuntun síwájú àwọn òrìṣà kí àwọn náà tó jẹ níbẹ̀. Màámi ní ìyẹn dáa, kò yàtọ̀ sí iṣu tuntun. Mo sọ ti idà, dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ oyè, tí ọba pàápàá kò gbọ́dọ̀ fojú kàn.

"Bí inú adé," ni wọ́n wí. "Ó dáa, ọba ni wọ́n."

Orí Akihito, bàbá ọba yìí, ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Lọ́dún 1991 tí òkè Unzen tú iná pa àwọn èèyàn, Akihito àti olorì lọ bá àwọn tó sá kúrò nílé, wọ́n sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. "Ọba kúnlẹ̀? Fún ta?" Mo tún wá fi kún un pé ọba yìí kan náà ló fi oyè sílẹ̀ lọ́dún 2019 torí ọjọ́ ogbó, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ láti nǹkan bí 200 ọdún. Màámi dákẹ́ díẹ̀.

"Láàyè? Ta ló gbé igbá fún wọn?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo rántí pé bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí ìbá dùn mọ́ jù.

Sáà ọba ni wọ́n fi ń ka ọdún níhìn-ín. Ọdún 1984 tí wọ́n bí mi, Shōwa 59 ni mò ń kọ. Bí ọdún bá ń parí lọ, ibi iṣẹ́ á fún wa ní fọ́ọ̀mù owó-orí, ká kọ àwọn tí gbígbọ́ bùkátà wọn wà lọ́rùn wa. Bàbá mi ò dé Japan rí, ṣùgbọ́n lórí bébà yẹn, Shōwa 19 ni wọ́n bí wọn. Reiwa 2, oṣù Karùn-ún, wọ́n lọ. Pápákọ̀ òfurufú Èkó wà ní títì nítorí Kòrónà. Orí WhatsApp ni mo ti rí pósí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì já. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò wá sí mi lẹ́nu lédè wọn, kò sì wá ní Yorùbá.

Oṣù Kejìlá ọdún náà, fọ́ọ̀mù Reiwa 3, ti ọdún tó ń bọ̀, dé. Wọ́n ti tẹ orúkọ bàbá mi sí i, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e lọ bá obìnrin tó ń bójú tó o. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó na rúlà sí mi, ó ní kí n fa ìlà méjì sórí orúkọ náà, kí n tẹ òǹtẹ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fà á. Pẹ̀lú rúlà náà, ìlà àkọ́kọ́ wọ́.