Ìtọ́sọ́nà tí mo rí gbà lónìí
Ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti gboyè ọ̀mọ̀wé ti bá mi jókòó lónìí, tí ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn inú lẹ́tà tí mo fi ń wá ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ tí kò sọ ohun tí mo lè ṣe. Ó ní, "Àbúrò, ìwádìí rẹ dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe láǹfààní?" Ó ṣàlàyé CARTA fún mi, àjọṣe àwọn yunifásítì Áfíríkà tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó ń ran àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí ìlera àwùjọ lọ́wọ́, pẹ̀lú owó àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò rí irú ẹni báyìí bi léèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣáájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa pè wá jókòó.